A Rò Pé Wọ́n Á Tẹ̀ Ẹ́ Lẹ́ẹ̀kan

1

…pé kò ṣá sẹ́ni tó kú.

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ làwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun náà, bó bá dá wà nínú balùwẹ̀ tí omi ń dà lé e lórí, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Á sọ ọ́, á tún un sọ. Á wá pa omi, á nura, á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò tíì wẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀.

2

Oníṣirò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́.

Bí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá fẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn máa lo ètò kọ̀ǹpútà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ni yóò sọ iye ẹ̀rọ tí yóò tó wọn, kí wọ́n tó ra ẹyọ kan. Òun náà ni yóò sọ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ dẹnu kọlẹ̀ bí kò bá tó.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìpele mẹ́ta. Ìpele òkè ni ojú tí èèyàn ń wò, tó sì ń tẹ̀. Ìpele àárín ló ń ronú. Ìpele ìsàlẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo wà. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì lókè, ìbéèrè rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á tò sórí ìlà láàárín, á tún tò sórí ìlà nísàlẹ̀, kí ìdáhùn tó gòkè padà wá. Àwọn ìlà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló máa dúró? Á pẹ́ tó ìgbà wo? Ìgbà wo ni ìlà á gùn débi pé kò ní sún mọ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní bó ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Á ní, “Àbúrò mi máa ń ka àwọn èèyàn tí kò tíì dé.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Oníṣirò náà á rẹ́rìn-ín. Ó máa ń wú u lórí.

3

ÌKÉDE
*sí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ilé oògùn àti yàrá àyẹ̀wò*

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ilé ìwòsàn wa àti èyí tó wà ní òdì-kejì odò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò àkọsílẹ̀ kan náà.

Fáìlì oníwèé kò ní sí ní wọ́ọ̀dù mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa aláìsàn, orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ó ti rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìwé pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

*(Ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:* Bí kọ̀ǹpútà bá wá ya alágídí ńkọ́?*)*

4

Kí ìkéde yẹn tó jáde ni ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ti wáyé.

Wọ́n jọ ń gbé ilé oníyàrá méjì kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Nígbà tó wá dàgbà tán, kò sẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí ẹnì kan kó jáde. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Oníṣirò ń fọ abọ́. Ẹ̀gbọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé bó bá ti ń fà, ṣe làwọn máa ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí ẹlòmíì ti tì mọ́rí láàárọ̀.

Oníṣirò gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Lẹ́ẹ̀kejì kẹ̀? Títí á fi dáhùn ni. Aláìsàn ń wò ọ́ lójú, ṣé wàá máa wòran ni?”

Ó ṣàlàyé fún un pé ìbéèrè tuntun ni ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń béèrè. Èèyàn míì ló rò pé ó dé.

Ẹ̀gbọ́n na apá aṣọ sílẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. “Ẹ ò ṣe jẹ́ kó mọ̀?”

Oníṣirò nu ọwọ́. Ó lọ kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.

5

Ó fi ohun tó gbọ́ kún ìṣirò rẹ̀. Ó rí ìlà tó fi ń ya bí ẹ̀rọ ṣe máa pẹ́ tó kó tó dáhùn, èyí tó ti sùn gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ látọjọ́ yìí wá, tó ṣàdédé nàró bí ògiri. Bí ẹ̀rọ bá fà díẹ̀, àwọn èèyàn á tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí i, á túbọ̀ máa fà. Ìpele ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú. Ẹ̀rọ ńlá míì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ilé ìwòsàn kejì tó wọlé, ìyẹn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ sún ọjọ́ síwájú.

Ohun tó rántí nínú ọ̀rọ̀ òun àti ọ̀gá rèé. (Ọ̀gá rántí tiẹ̀ lọ́nà míì.)

Ọ̀GÁ: Kí ló gbé ìlà yìí dìde báyìí?

ONÍṢIRÒ: Mo fi títẹ̀ léraléra kún un ni, sà.

Ọ̀GÁ: Ta ló ní wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ léraléra?

ONÍṢIRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi ni. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n.

Ọ̀GÁ: Níbo ni wọ́n ti sọ ọ́?

ONÍṢIRÒ: Nílé.

Ọ̀GÁ: Ṣé ká wá kọ̀wé sáwọn aláṣẹ pé ilé ìdáná la ti gbọ́ ọ?

ONÍṢIRÒ: A lè lọ sí wọ́ọ̀dù ká fojú ara wa rí i.

Ọ̀GÁ: Ìgbà wo? Wọ́n ti lẹ ìkéde mọ́ ògiri. Gbọ́, mi ò ní kó o yọ ọ́. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ. Bó o bá ní kó wà níbẹ̀, á wà níbẹ̀. Àmọ́ ìwọ náà ló máa tẹ̀ lé mi lọ sọ fún wọn pé kò ní ṣeé ṣe lọ́jọ́ Ajé.

ONÍṢIRÒ: …

Ọ̀GÁ: Mò ń gbọ́ ẹ.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ọ̀gá yìí. Kì í ṣe òǹrorò. Ó ní kó lọ jẹun kó tó dáhùn, ó ní ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

6

Ó jẹun tán, ó padà wá, ó sì yọ ọ́.

7

Nínú ìwé tí wọ́n fún ilé ìwòsàn, lábẹ́ àwọn ohun tí ìṣirò náà dúró lé:

*A rò pé bí òṣìṣẹ́ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró de èsì kó tó tún ṣe ohun mìíràn.*

Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn náà. “A rò” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn títí wọ́n fi di ariwo lásán létí rẹ̀.

Ta ni “a”?

8

*Ọjọ́ Ajé, láàárọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ láàárín ilé ìwòsàn àtàwọn tó ń bójú tó ètò náà.*

WỌ́Ọ̀DÙ ÀWỌN OBÌNRIN: Ẹ káàárọ̀ o. Ó ń fà díẹ̀.

ÀWỌN ALÁBÒÓJÚTÓ: Ẹ káàárọ̀. A ti rí i. Ẹ ní sùúrù.

ILÉ OÒGÙN: Tiwa ò ṣí rárá.

YÀRÁ ÀYẸ̀WÒ: Èsì wà lọ́wọ́ wa, a ò ríbi kọ ọ́ sí.

ILÉ ÌWÒSÀN KEJÌ: Ṣé báyìí ló ṣe máa ń ṣe fún yín ni?

ÀWỌN ALÁBÒÓJÚTÓ: Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

ILÉ OÒGÙN: Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀.

WỌ́Ọ̀DÙ ÀWỌN OBÌNRIN: Ẹ dákun, fáìlì ẹyọ ẹnì kan péré ni mo fẹ́ wò.

WỌ́Ọ̀DÙ ÀWỌN OBÌNRIN: Ẹ dákun.

9

Aránṣọ ni ẹni náà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló gún un níka, ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí pé oníbàárà ń dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé wọ́ọ̀dù, ọwọ́ náà ti wú dé ìgúnpá, ibà sì ti mú un débi pé kò mọ ibi tó wà.

Dókítà wò ó, ó ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn kan kí oró náà tó ràn dé inú ẹ̀jẹ̀.

Wàyí o, aránṣọ yìí ti bímọ rí nílé ìwòsàn kan náà. Nígbà yẹn ni wọ́n ti rí i pé ara rẹ̀ kọ oògùn yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sọnù, kò bà jẹ́, ẹnikẹ́ni kò pa á rẹ́. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ìpele kẹta, ó ń retí ẹni tó máa béèrè rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bi í bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà.

“Mo ti gé e,” ni aránṣọ dáhùn, bí ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ aṣọ. “Ó ku apá.”

Nọ́ọ̀sì lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Nǹkan róbótó kan ń yí bírí lójú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wẹ̀yìn wo bẹ́ẹ̀dì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Dókítà ń kọjá lọ síbi aláìsàn míì, ó ní wọn ò lè fi ẹ̀mí obìnrin náà dúró de ẹ̀rọ. Òótọ́ ni dókítà sọ. Nọ́ọ̀sì fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó padà lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ó lọ gún un.

Ètè aránṣọ ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun. Ó fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá di apá aṣọ nọ́ọ̀sì mú, kò sì lè mí.

Ẹ ti mọ nọ́ọ̀sì náà. Èmi ni mò ń fi í falẹ̀.

10

Ohun tí ẹ̀rọ rí láàárọ̀ náà:

nọ́ọ̀sì kan
nọ́ọ̀sì kan
nọ́ọ̀sì kan
nọ́ọ̀sì kan
nọ́ọ̀sì kan

Ó to gbogbo wọn sẹ́yìn ara wọn. Nígbà tó wá kan ẹni àkọ́kọ́, ó dá a lóhùn. Orúkọ oògùn náà jáde ní lẹ́tà pupa gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà wọ́ọ̀dù.

Kò sẹ́nì kankan lórí àga. Gbogbo wọn ti sáré tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

11

*Láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Sí gbogbo òṣìṣẹ́.*

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn méjèèjì ti wà lórí ètò kan náà báyìí. Ìdádúró ráńpẹ́ kan wáyé láàárọ̀, ó sì ti yanjú kó tó di ọ̀sán. Mo fi gbogbo yín yangàn.

12

Ẹ̀gbọ́n kò sunkún nígbà tó délé. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ látòkè délẹ̀, bó ṣe máa ń sọ bí ọjọ́ ṣe lọ, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ó ní wọ́n ti fi rọ́bà sí obìnrin náà lọ́fun kó lè máa mí. Ó ní ọkọ rẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ obìnrin náà nínú àpò, ó sì ń bi gbogbo èèyàn ibi tí òun máa gbé e sí.

“Ẹ̀rọ ló fà á,” ni Oníṣirò sọ.

“Ẹ̀rọ ò mú abẹ́rẹ́ dání.”

“Ẹ gbìyànjú láti wò ó, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo gbìyànjú. Mi ò wò ó. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan.”

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti dé orí ahọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bọ́ ọ̀kan, ó bọ́ ìkejì.

13

Àwọn ohun tó ń ṣe dípò kó sọ̀rọ̀:

ó fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó tún wọn fọ̀ láìsí ìdọ̀tí lára wọn
ó ń dìde se tíì kí ẹ̀gbọ́n tó jí
ó pààrọ̀ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ látọdún tó kọjá
ó ń sọ pé “ẹ má dá ara yín lẹ́bi”
ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́
ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó ń wo ilẹ̀

Ẹ̀gbọ́n ń dúpẹ́. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá ṣe ká ní àbúrò òun kò sí.

14

Ìwé dé láti ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì náà lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi wádìí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ̀bi, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pe Oníṣirò sí ọ́fíìsì. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìgbìmọ̀ fẹ́ kí ilé iṣẹ́ àwọn kọ àlàyé ohun tó mú kí ẹ̀rọ dúró, kò sì sẹ́ni tó lè kọ ọ́ bíi ti Oníṣirò. Ó ní kó má gbàgbé láti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló ń tẹ bọ́tìnnì léraléra, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú pé wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ń wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ apá ìparí yẹn.

Ọ̀gá kò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wí ni ẹ̀gbọ́n Oníṣirò. Oníṣirò kò sọ fún un. Bó ṣe ń dákẹ́ nílé ló ṣe ń dákẹ́ níbi iṣẹ́. Dídákẹ́ ti wá di iṣẹ́ kejì fún un.

15

Ohun tó kọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

~~Àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló tẹ bọ́tìnnì ju bó ṣe yẹ lọ.~~

~~Bọ́tìnnì náà ni wọ́n tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.~~

~~Ìtẹ̀ pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ.~~

~~A ò rò ó.~~

Mo rò ó.

16

*Nínú àkọsílẹ̀ ìjókòó ìgbìmọ̀. Yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó sí ìlà àkọ́kọ́.*

ALÁGA: Ẹ̀yin lẹ ṣe ìṣirò ètò yìí?

ONÍṢIRÒ: Èmi ni, mà.

ALÁGA: Ọ̀gá yín sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa tẹ̀ ẹ́ léraléra.

ONÍṢIRÒ: Mo mọ̀.

Ọ̀GÁ: Ohun tó ń sọ ni pé nísinsìnyí, lẹ́yìn ìwádìí…

ONÍṢIRÒ: Mo mọ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Mo fi sínú ìṣirò. Ó fi hàn pé ìpele ìsàlẹ̀ kò ní lè gbé ilé ìwòsàn méjì, pé ó máa dúró láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo wá yọ ọ́ kúrò.

ALÁGA: Ta ló ní kí ẹ yọ ọ́?

ONÍṢIRÒ: Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́.

ALÁGA: Kí ló dé tí ẹ fi yọ ọ́ nígbà náà?

ONÍṢIRÒ: Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ pé kò ní ṣeé ṣe lọ́jọ́ Ajé.



ALÁGA: Báwo lẹ ṣe mọ̀ nípa títẹ̀ léraléra? Ṣé ẹ wá sí wọ́ọ̀dù ni?

ONÍṢIRÒ: Rárá, mà. Ẹnì kan ló sọ fún mi.

ALÁGA: Ta ni?

ONÍṢIRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn ni wọ́n jókòó yẹn.

*(Akọ̀wé kò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kò fi rí nǹkan kọ.)*

17

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ aláìsàn.

Oníṣirò ti rò ó pé ẹ̀gbọ́n lè gbá òun létí. Ó ti rò ó pé ó lè dì mọ́ òun. Ó ti ṣe ìṣirò méjèèjì.

“Èmi ni mo sọ fún ẹ,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Gbogbo ìgbà tó o ń fọ aṣọ mi yẹn, o mọ̀.”



Ẹ̀gbọ́n ń wo ìta láti ojú fèrèsé bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Mi ò bínú pé o yọ ọ́. Gbogbo wa là ń gé nǹkan kúrò kí iṣẹ́ lè rìn. Dókítà gé e, èmi náà gé e. Àmọ́ o rí mi tí mò ń jẹra mi, láràárọ̀, nídìí tábìlì kan náà. O jẹ́ kí n rò pé èmi nìkan ni.”

“Ẹ má bínú.”

“Mo gbọ́.”

Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀gbọ́n ti kó lọ sí ilé àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Báàgì kan péré ló gbé. Ó lọ aṣọ ìyókù, ó ká wọn, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù bíi ti ẹni tó máa padà, tàbí bíi ti ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ̀ wọ́n mọ́. Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí kò mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Oníṣirò náà kò mọ̀.

18

ÌPINNU ÌGBÌMỌ̀ *(a gé e kúrú)*

A kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì náà. Kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ètò náà fi ẹ̀rọ kún ìpele ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá ìtẹ̀ ẹnì kan náà mọ̀.

Kí fáìlì oníwèé ti àwọn tí ara wọn kì í gba oògùn kan padà sí wọ́ọ̀dù.

Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣirò ilé iṣẹ́ náà fún òtítọ́ inú rẹ̀.

19

Dúpẹ́.

20

Ọ̀gá kò lé e lọ. Ì bá dáa kó lé e. Ńṣe ló gbé e kúrò lórí iṣẹ́ ilé ìwòsàn, ó fi í sórí ti ilé iṣẹ́ kan tó ń ta àga àti tábìlì. Ó ní kó fara balẹ̀, kó sinmi díẹ̀. Ó ní bí tibí bá dúró, àga lásán ló máa pẹ́ dé ilé onílé.

Ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi títẹ̀ léraléra kún un láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi àwọn tó máa bínú ti kọ̀ǹpútà pa kún un, àtàwọn tó máa fi fóònù àti kọ̀ǹpútà wá a pọ̀, àtàwọn tó máa pe ìyàwó wọn wá wò ó. Ẹ̀rọ tó ní kí wọ́n rà pọ̀ débi pé àwọn tó ń ta àga náà rẹ́rìn-ín sí i. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ra díẹ̀.

Kò mú nǹkan kan fúyẹ́.

21

Ó wá ilé aránṣọ lọ. Ó gba àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn tí ilé rẹ̀ wà ládùúgbò kan náà. Ilé ìsàlẹ̀ ni, yàrá iwájú kọjú sí pópó, ẹ̀rọ ìránṣọ wà nídìí fèrèsé, aṣọ tí wọn ò tíì rán kún orí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Obìnrin náà fún un láyè láti wọlé, ó sì ti na ọwọ́ sí téèpù tó fi ń wọn aṣọ kí Oníṣirò tó sọ pé òun kò wá ránṣọ.

Ó sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó ní òun ni òun ṣírò iye èèyàn tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Aránṣọ gbọ́ ọ parí. Wíwú ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, àmọ́ láti ìgbà tí kò rí èémí mí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ méjèèjì ń gbọ̀n. Kì í ṣe púpọ̀. Ó tó láti rí.

“Ṣé ìwọ lo gún mi lábẹ́rẹ́?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé dókítà ni ọ́?”

“Rárá.”

“Kí wá lo ṣe?”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa dúró. Mi ò sọ.”

Aránṣọ rò ó. Ó ká téèpù mọ́ ìka rẹ̀, ó tú u. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun lè ṣe sí ìyẹn. Ó ní ká ní ẹni tó gún òun ni, òun ì bá mọ bí òun ṣe máa wò ó. Ká ní ẹ̀rọ ni, òun ì bá ṣépè fún un, ọ̀rọ̀ á sì parí. Àmọ́ ẹni tó wà láàárín, òun ò mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Oníṣirò ní kí ó má bínú.

“Mo ti bínú. Ó ti rẹ̀ mí.” Ó tọ́ka sí tábìlì. “Bó o bá ti wà níbí, bá mi fi òwú sójú abẹ́rẹ́ yẹn. Mi ò rí i ṣe mọ́.”

Ó fi òwú sí i. Aránṣọ gbé òmíràn fún un, òwú dúdú. Ó fi òun náà sí i. Ó sì wá jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ra tìmùtìmù kékeré kan, funfun, dúdú, aláwọ̀ ewé, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

“Ẹni tó máa ń wá ràn mí lọ́wọ́ nìyẹn,” ni aránṣọ sọ, láìgbójú sókè. “Gbogbo ọjọ́ tí kò bá ti lọ síbi iṣẹ́. Mo lé e títí, kò lọ. Ṣílẹ̀kùn fún un.”

Ó dìde. Kó tó dé ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn tó ń kí wọn láti ìta, pé àwọn ará ilé ńkọ́, pé ṣé wọ́n ti jẹun. Ó mọ ohùn náà kó tó mọ ohunkóhun láyé. Ó gbé ọwọ́ lé ìdìmú ilẹ̀kùn. Irin náà tutù. Ní ìhà kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí.

Ó ṣe díẹ̀.

Aránṣọ yí ọrùn padà láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. “Ṣé kò ṣí ni?”